CTEK MXS 5.0: ṣájà tó mọ ìgbà tí bátìrì yó

Kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè lè tètè máa bá tiẹ̀ lọ: bí ẹ bá ní ọkọ̀ eré tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ra ṣájà yìí, kí ẹ sì rí i pé ẹ lo wáyà olórùka tó bá a wá nínú páálí. Wáyà yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ìdí rẹ̀ ni, àti àwọn ibi tí ó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra.

Porsche 911 ni mo ní, ìran tí wọ́n ń pè ní 997. Iṣẹ́ mi a máa gbé mi jìnnà sílé, oṣù a sì máa gorí oṣù kí n tó tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú gáréèjì, lábẹ́ aṣọ ìbora, ọkọ̀ náà ń sùn ju bó ṣe ń rìn lọ. Ẹ́ńjìnnì kò ráhùn. Táyà fara dà á. Bátìrì nìkan ni kì í gbà.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí mo ti pa á, kí ló tún ń jẹ iná?" Nǹkan ń jẹ ẹ́. Àlámù kò sùn. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ti rímóòtù kò sùn, torí bó bá sùn, ilẹ̀kùn kò ní ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Aago ń rìn. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí ẹ́ńjìnnì náà ń lá díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa gbàgbé ohun tí wọ́n ti kọ́. Ká kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn mẹkáníìkì sábà máa ń sọ pé kò yẹ kó kọjá mílíámpù 50 lórí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá. Ó kéré létí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: mílíámpù 50 fún wákàtí 24 jẹ́ ámpù-wákàtí 1.2 lójúmọ́ kan. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, 36 ti lọ. Bí bátìrì yín bá jẹ́ oní-60, ó ti lé ní ìdajì tó ti ṣòfò, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ wá fi ti bátìrì fúnra rẹ̀ kún un, nítorí bátìrì olójé a máa sọ agbára nù bí a bá tilẹ̀ yọ gbogbo wáyà orí rẹ̀, ooru a sì máa mú kó yá sí i.

Kí agbára tán kọ́ ló burú jù. Àwọn àwo òjé ló wà nínú bátìrì, nínú omi ásíìdì. Bí iná ṣe ń jáde, nǹkan funfun kan tí wọ́n ń pè ní lead sulfate ń lẹ̀ mọ́ àwọn àwo náà. Tí ẹ bá tètè dá iná padà síbẹ̀, ó yọ́, ó padà sínú omi. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó le, ó gan, ibi tó bá sì bò kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí bátìrì tó kú tó sì pẹ́ nínú ikú bẹ́ẹ̀ kì í fi í lágbára bíi tàtijọ́ mọ́, ẹ bá à jí i padà. Ọdún 1859 ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe irú bátìrì yìí, a ò sì tíì rí ẹni tó gba àléébù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí òtútù bá ti mú, ó tún kù: bátìrì tó kún kò ní dì bọ̀rọ̀, àfi kí òtútù kọjá ìwọ̀n 50 sísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ̀ ti tán lè dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo, kí ara rẹ̀ sì là. Ẹ má ṣe so ṣájà mọ́ bátìrì tó ti dì o.

Lórí 911 mi, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìṣòro kan. Abẹ́ ìdérí iwájú ni bátìrì wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbé ẹ́ńjìnnì sí. Iná ló ń ṣí ìdérí yẹn. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ: bátìrì kú, ìdérí kò ṣí; ìdérí kò ṣí, ẹ kò lè dé ìdí bátìrì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà àbáyọ sí i. Nínú àpótí fíúsì níbi ìtẹ̀sẹ̀, irin kékeré kan tó ní ìbòrí pupa wà tí èèyàn lè fà jáde. Ẹ máa so wáyà pupa láti ara bátìrì mìíràn mọ́ ọn, ẹ so dúdú mọ́ irin tí ilẹ̀kùn fi ń há, àlámù á figbe ta, ẹ tẹ rímóòtù, ìdérí á ní "kpọ́," ó ṣí. Ohun tí ó wà fún kò ju ìyẹn lọ. Wáyà ibẹ̀ tín-ín-rín, kò lè gbé agbára tí sítátà ń béèrè, ẹni tó bá fẹ́ fi í tan ọkọ̀ ń wá iná sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Mo ti wo ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe gbogbo ètò yìí lórí ìkúnlẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, àlámù ń ké lé e lórí. Mo ní tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀ láé.

Ó yá, ṣájà wá ńkọ́?

Ilé iṣẹ́ CTEK ti Sweden ló ṣe é. Ó ṣe pẹlẹbẹ, ó gùn díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wáyà kan jáde níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kò ní irin wúwo kan tó ń kùn bíi ti àwọn ṣájà àtijọ́, kò sì ní fáànù, ẹ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Eruku kì í wọ inú rẹ̀, omi tó bá ta sí i kò ní pa á. Àmì ìyẹn, IP65, ni wọ́n kọ sí i lára. Tí ẹ bá ṣi wáyà so, tí pupa lọ síbi dúdú, iná ìkìlọ̀ ló máa tàn, kò ní sí ìbúgbàù, kò ní sí èéfín.

Lórí ojú rẹ̀, iná kéékèèké mẹ́jọ tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìpele kan. Ní ìpele àkọ́kọ́, ó ń fi iná gbá bátìrì léraléra láti já nǹkan funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kúrò lára àwo. Ní èkejì, ó ń wò bóyá bátìrì náà lè gbà. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ gidi, ó ń kì í ní ámpù 5 títí á fi kún dé bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹrin, ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi kún tán. Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ràn láti máa wò: ó dáwọ́ dúró, kò fi nǹkan kan sí i, ó kàn ń wò ó bóyá bátìrì á lè di ohun tí a fún un mú. Tí kò bá lè dì í mú, iná ìkìlọ̀ tàn, ẹ mọ̀ pé bátìrì yẹn ti ń lọ, ẹ kò ní dúró dìgbà tó máa já yín kulẹ̀. Ìkẹfà ni ti Recond, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ìkeje àti ìkẹjọ ni ti ìtọ́jú: ó kọ́kọ́ mú un dúró sí fóltì 13.6, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀, tó bá ti rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, ó fún un ní díẹ̀, ó tún fi í sílẹ̀.

Ìpele méjì tó kẹ́yìn yìí ni ẹ ń sanwó fún. Kí ṣájà kún bátìrì kò le, ṣájà àtijọ́ orí ilẹ̀ mẹkáníìkì náà ń kún un. Ohun tó le ni kí ó mọ ìgbà tí ó tó. Àwọn ṣájà tí kò mọ̀ dà bí ẹni tó ń pọn omi sínú àmù tó ti kún: iná tí kò rí ibi wọ̀ mọ́ á máa tú omi inú bátìrì di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ háídírójìn ni, ẹ mọ ohun tí iná kékeré lè fi ṣe.

Àbúrò mi ní ọ̀kan nínú irú ìyẹn, olówó pọ́ọ́kú, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọkọ̀ tiẹ̀, ó sì lọ síbi tó ń lọ. Nígbà tó dé, gáréèjì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, bátìrì gbóná lọ́wọ́, ikùn rẹ̀ sì wú síta lọ́tùn-ún lósì débi pé ó ṣòro láti fà á yọ níbi tí wọ́n há a mọ́. Látìgbà náà ló ti yí ẹ̀sìn padà. Ó ní òun ò lo ṣájà mọ́, òun á máa jí ọkọ̀ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré tan án, ó tó."

Kò tó. Ìgbà tí sítátà bá yí ẹ́ńjìnnì, agbára púpọ̀ ló ń bù lẹ́ẹ̀kan náà, altanétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fún bátìrì níná, kì í sì í rí nǹkan gidi dá padà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ lójú kan. Kò tán síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tán á kó omi sínú ọ́ìlì àti sínú páìpù èéfín, omi yẹn ló ń dá ìpẹtà sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ jí, ẹ gbé e jáde kó rìn dáadáa títí ọ́ìlì á fi gbóná. Tí ẹ kò bá ní lè gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó sùn. Mo sọ fún un, kò dá mi lóhùn, àmọ́ mo rí i pé ó ti ń bi mí nípa ṣájà tèmi.

Àwọn mìíràn máa ń yọ orí bátìrì. Ìyẹn dára ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò lè béèrè kóòdù, gíláàsì fèrèsé lè gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró sí, àlámù ti kú, bátìrì náà ṣì ń fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí iná ń ṣí ìdérí rẹ̀, ẹni tó yọ orí bátìrì tó sì pa ìdérí dé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ síta. Ti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tí wọ́n ń gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, n kò ní sọ púpọ̀: inú gáréèjì ni ọkọ̀ wà, oòrùn wo ló fẹ́ rí níbẹ̀?

Mo ní mo fẹ́ràn wáyà olórùka. Òun nìyí. Dípò kílíìpù tí ẹ máa fi há orí bátìrì ní gbogbo ìgbà, wáyà kúkúrú kan wà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ òrùka méjì. Ẹ máa fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ orí bátìrì lẹ́ẹ̀kan, ó di ti ibẹ̀ nìyẹn. Fíúsì wà lára rẹ̀. Ẹnu kejì ni ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó ní ìdérí rọ́bà. Èmi gba abẹ́ rọ́bà etí ìdérí iwájú mú un jáde sí ìdí wáípà, mo fi okùn pílásítíkì kékeré dè é kó má máa mì. Bí mo bá ti gbé ọkọ̀ wọlé, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ẹnu ṣájà bọ̀ ọ́, ó há "tá," ó parí. N kò ṣí ìdérí kankan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọ̀rọ̀ ìdérí tó ń ti èèyàn síta: bí bátìrì bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, mo lè ti ìta fún un níná títí ìdérí á fi lè ṣí. Tọ́ọ̀ṣì ò dé ẹnu mi. Lójú tèmi, ìrọ̀rùn yìí ló ń pinnu bóyá èèyàn á lo ṣájà tàbí kò ní lò ó. Ṣájà tí ẹ ní láti ṣí nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó so ó, ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín ẹ kò ní so ó, ọjọ́ kejì sì ni ẹ máa rin ìrìn àjò.

Àwọn kan máa ń gba ihò tí a fi ń tan sìgá fún bátìrì níná. Lórí ọkọ̀ tí ihò yẹn bá níná nígbà gbogbo, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ́ tónítóní. Ẹ kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ti ọkọ̀ pa, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wò ó bóyá iná ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló máa ń gé iná ihò yẹn, ṣájà yín á kàn máa tàn lásán, kò ní kan bátìrì.

Bọ́tìnnì kan péré ló wà lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣọ́ra mi bẹ̀rẹ̀. Ètò mẹ́rin ni ẹ lè fi yàn: ti bátìrì kékeré bíi ti alùpùpù, ámpù 0.8, ti mọ́tò, fóltì 14.4, èyí tí wọ́n ya yìnyín sí, fóltì 14.7, fún ìgbà òtútù àti fún bátìrì AGM. Àti Recond, fóltì 15.8. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré òde òní ló ń lo AGM, bátìrì tí a ti fi òwú gíláàsì fa ásíìdì inú rẹ̀ mu, tí a sì dé pa. Ẹ kò lè bu omi sí i. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, tí ẹ bá rí AGM, yìnyín ni kí ẹ yàn. Recond wà fún bátìrì olómi tí agbára rẹ̀ ti tán pátápátá, tí ásíìdì inú rẹ̀ ti pín sókè sísàlẹ̀. Ẹ má fi í tọ́jú ọkọ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ṣájà yìí ń rántí. Ètò tí ẹ yàn kẹ́yìn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé tàbí tí ẹ bá tún so ó. Ìyẹn dára gan-an tí iná bá lọ nígbà tí ẹ kò sí nílé, torí pé yóò máa bá iṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Recond ni ẹ lò kẹ́yìn fún bátìrì ẹlòmíì, Recond náà ló ń dúró dè yín. Èmi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó rí iná ètò tí mo fẹ́.

Kò ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà. Iná ló ń fi sọ̀rọ̀, fóltì mélòó ni bátìrì wà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn nọ́ńbà bíi tèmi gbọ́dọ̀ ní mítà. Ẹ já ṣájà, ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Èyí tó kún á fi 12.6 tàbí 12.7 hàn, ti AGM a máa lé díẹ̀. Ní 12.4, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù. Ní 12.2, ìdajì. Ní 12.0, ẹ má dúró mọ́.

Bátìrì líthíọ̀mù kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má tan ara yín jẹ. Ọdún 2009 ni Porsche kéde bátìrì líthíọ̀mù fún 911 GT3, GT3 RS àti Boxster Spyder, tí kò tó kílò 6, tó sì fúyẹ́ ju tòjé lọ ní nǹkan bíi kílò 10. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ lọ sáré ìdíje ń fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀ wọn. Fífi iná gbá àwo tó ń ṣe tòjé lóore kò wúlò fún un, fóltì 15.8 ti Recond sì lè bà á jẹ́. CTEK ní ọ̀kan tó ṣe fún líthíọ̀mù lọ́tọ̀, òun ni kí ẹ rà.

Tí ẹ bá ń wá ohun tó kéré jù yìí, ẹ kò ṣàṣìṣe. Fún ìtọ́jú nìkan, ámpù 5 ti pọ̀ jù. Ámpù 1 ń dá padà lójúmọ́ kan ohun tó ju ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí àlámù ń jẹ lọ. NOCO Genius1 ti Amẹ́ríkà jẹ́ oní-ámpù 1, ó sì ní ètò líthíọ̀mù nínú. Mo yan MXS 5.0 nítorí pé mo fẹ́ kí ó lè kún bátìrì tó ti lọ sí ìdajì láti alẹ́ mọ́jú, kì í ṣe láti máa tọ́jú rẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ó kún ni ẹ gbé e wọlé, tí kò sì ní kúrò lẹ́nu wáyà, kékeré ti tó o.

Bí ẹ bá ń so kílíìpù, pupa ni kí ó kọ́kọ́ lọ sí orí bátìrì, kí dúdú lọ sí ara irin ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí bátìrì, kí ẹ tó ki ẹnu rẹ̀ bọ iná ògiri. Tí ẹ bá fẹ́ tú u, ti ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ "ó ṣì wà lẹ́nu iná" sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sítíárìn, nítorí pé ẹni tó bá kọjú síwájú nìkan kì í rántí wáyà tó wà nídìí wáípà.